Ẹ̀wù Ìrẹ̀

Kẹ́ẹ̀gì òróró mẹ́ta ni mo gé fún àyà rẹ̀.
Bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan tí olówó rẹ̀ ò wá gbà mọ́
ni mo lù di ìyẹ́ méjèèjì.
Iṣẹ́ mi nìyẹn, lẹ́bàá ọ̀nà Ìjọ̀kà, l'Ákùrẹ́,
níbi tí mo ti ń lu ara ọkọ̀ tó ti tẹ̀ wọnú
títí yóò fi gbàgbé igi tó kọlù.

Akíndùró ọmọ mi ló bẹ̀ mí.
Ilé-ìwé wọn fẹ́ ṣeré ìparí ọdún,
kí kálukú mú akọni tirẹ̀ wá.
Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú eléyìí tó ń fò,
eléyìí tó ń yọ iná lójú,
eléyìí tí ọta ìbọn ò ràn.
Mo ní, "Ìwọ ńkọ́?"
Ó ní, "Ìrẹ̀ ni."

Ìrẹ̀ wo?
Ó ṣí ìwé eléwé-ogójì rẹ̀ hàn mí, bírò búlúù ló fi yà á:
kòkòrò tó ga ju ẹnu ọ̀nà lọ,
wọ́n jí i gbé láti ayé kan tí òṣùpá mẹ́ta ń ràn sí,
wọ́n gé apá rẹ̀ méjì, wọ́n de ọ̀bẹ mọ́ kùkùté rẹ̀,
wọ́n tì í sáàárín agbo
kí ọba ibẹ̀ lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín
tó bá jẹun tán.
Lójú ewé kẹsàn-án ó ṣubú.
Lójú ewé kẹwàá wọ́n gbé e dìde, ìjà mìíràn tún dé.

Mo ní, "Ọmọ mi, a kì í ru ẹran erin lórí
ká máa fi ẹsẹ̀ tan ìrẹ̀ nínú ihò.
Mú erin. Mú ẹni tó ń borí."
Kò wò mí lójú.
Ó ní, "Bàbá, òun nìkan ni kò fẹ́ jà."

Mo gbé òòlù sílẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí àbúrò bàbá mi
mú mi kúrò ní Ìdànrè, ó ní ilé-ìwé là ń lọ.
Garéèjì ọ̀gá kan ló já mi sí.
Ọdún mẹ́sàn-án. Mi ò mọ iye tó gbà.
Lọ́sàn-án Sátidé, tí ọtí bá ti wọ àwọn ọ̀rẹ́ ọ̀gá lára,
wọ́n á fẹsẹ̀ fa àmì roboto sórí ilẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú,
èmi àti Adétúlà á bọ́ ẹ̀wù,
wọ́n á ta tẹ́tẹ́ lé wa lórí, náírà mẹ́wàá mẹ́wàá.
Adétúlà yìí ló ń pín ẹ̀bà rẹ̀ fún mi.
Ibi tí eyín rẹ̀ gbà wà lára ìka mi dòní, ẹ wò ó,
àpá funfun yìí.

Mi ò sọ ọ́ fún ọmọ náà.
Mo kàn bi í pé ṣé kí n jẹ́ kí ọ̀bẹ náà mú,
ó ní rárá, páálí ni kí n fi ṣe é.

Lọ́jọ́ eré, ó wọlé, ìyẹ́ rẹ̀ ń ró gbàgà-gbàgà,
ọmọdé kan figbe ta.
Ẹni tó ń fò nà án. Ẹni tó ń yọ iná lójú nà án.
Ó ṣubú bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú eré,
àmọ́ nígbà tó yẹ kó dìde, kò dìde.
Ó jókòó, ó tú ọ̀bẹ páálí kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún, lọ́wọ́ òsì,
ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀
bí ẹni tó bọ́ bàtà kó tó wọlé.
Tísà ń fọwọ́ pè é. Kò dáhùn.
Àtẹ́wọ́ ò pọ̀.

Ẹ̀wù náà wà lórí ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí.
Àwọn oníbàárà ń béèrè pé èló ni.
Látìgbà tí àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀, nǹkan kan ti wọ àyà kẹ́ẹ̀gì yẹn;
bí mo bá ṣe pa jẹnẹrétọ̀ báyìí, á bẹ̀rẹ̀:
ìrẹ̀, ìrẹ̀ gidi, tí kò tó àtàǹpàkò,
ó ń han nínú ara ńlá tí kì í ṣe tirẹ̀.
Mo ní kí n gbọ̀n ọ́n dànù,
àmọ́ ilẹ̀ ti ṣú, iná ò sì tíì dé.