Ìjókòó Méjì Péré

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Eluned fi wa bọ́ọ̀sì
láti Dolgellau dé Tywyn, àlọ àti àbọ̀,
èrò ń wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀, èrò ń jẹ bísíkíìtì,
ọmọ iléèwé ń fìka kọ orúkọ sára gíláàsì.
Àwọn ló ń sọ ibi tí yóò dúró.
Aago ló ń sọ ìgbà tí yóò lọ.

Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní kéèkì
àti aago ara ògiri.
Aago kẹ̀!
Ó tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀.

Sátidé yìí, ó dúró nínú ọgbà Hefin.
Òjò winniwinni. Àgùntàn ń wòran láti orí òkè.
Másídà pupa kan lúgọ sílẹ̀ níwájú rẹ̀,
ó kéré bíi bàtà,
ìlẹ̀kùn méjì, ìjókòó méjì, òrùlé aṣọ dúdú
tí wọ́n fi tépù lẹ̀ ní igun kan.
Ọwọ́ mẹ́rin ló ti là kọjá kó tó dé ibí.

"N kò fi sáré rí," ni Hefin wí.
Eluned wo táyà ẹ̀yìn. Táyà ò mọ irọ́ pa:
ojú rẹ̀ ti jẹ dan bí ọṣẹ tó kù ṣíún.
Ó fa òòfà kékeré yọ lápò,
èyí tó já lára fíríìjì láàárọ̀, tó ní àwòrán màlúù.
Ó fi kan bọ́nẹ́ẹ̀tì: ó lẹ̀ típẹ́.
Ó fi kan ìlẹ̀kùn: ó lẹ̀.
Ó fi kan abẹ́ ìlẹ̀kùn ọ̀tún,
màlúù já bọ́ sínú ẹrẹ̀.

Àwọn méjèèjì wò ó nílẹ̀.
Hefin họ ọrùn. "Ìpáàrà díẹ̀ ni.
Ta ni irú òjò yìí ń pa tí kì í dógùn-ún?"
Eluned rántí orúnkún òsì tirẹ̀
tó ń dún bí ìlẹ̀kùn àtijọ́.
Àmọ́ àánú lọ́tọ̀, owó ọjà lọ́tọ̀.
"Yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́n-ùn."
"Igba."
"Irinwó, kí jáàkì inú búùtù sì jẹ́ tèmi."

Hefin ka owó lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òjò ń bá a kà á.
Ọwọ́ tó mú kọ́kọ́rọ́ kò tètè ṣí.
"Ìbàdí mi ni," ló wí. "Bí mo bá ti wọlé,
ìyàwó mi ló ń fà mí jáde."

Eluned jókòó. Ilẹ̀ sún mọ́ ìdí rẹ̀ gan-an.
Nínú bọ́ọ̀sì, orí igi ọgbà ló ń wò kọjá;
lónìí, igi ọgbà ló ń wò ó láti òkè.
Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá kùn.
Létí adágún, níbi tí ọ̀nà ti nà tàntàn,
ó tẹ iná mọ́ ọn,
ikùn rẹ̀ kù sẹ́yìn, ara tó kù lọ.
Ó pariwo! Kò sí èrò kankan
tí yóò kọ̀wé fẹjọ́ rẹ̀ sùn.
Omi ń kán láti ibi tépù, tó, tó,
sórí orúnkún òsì yẹn gan-an.

Àfi bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe tẹ bíréèkì, láìgbàṣẹ.
Ó gbójú sókè: ibùdókọ̀ Abergynolwyn.
Ewé ti pẹ́ lára ọṣẹ.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde lórí bẹ́ǹṣì, báàgì rẹ̀ ń ṣomi,
ó wo mọ́tò, ó wo ìyá àgbà, ó tún wo mọ́tò.
"Ṣé Tywyn lẹ̀ ń lọ?"

Eluned wo ìjókòó kejì.
Màlúù ló wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ lójú.
Ó gbé e sápò.
"Mi ò tíì mọ ibi tí mò ń lọ," ló fèsì.
"Wọlé ná."