Etí Mẹ́ta ní Ṣábẹ̀ẹ́

Mo to ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mẹ́ta sórí àpótí ọṣẹ
lábẹ́ igi emi tó kọjú sí àpáta.
Mo ní lónìí ni n ó mọ èyí tí n ó fowó mi rà.

Dúdú, ti Kútọnu, ó yọ ìwo méjì bí ìgbín.
Owó rẹ̀ á ra ewúrẹ́ mẹ́rin, ṣẹ́ńjì á tún kù.
Eléérú, àlòkù ni. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín,
ṣùgbọ́n ó fi bíírò kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀,
àwọn lẹ́tà méjì ìparí ti pa rẹ́.
Ẹ̀kẹta ò ju páálí ìṣáná lọ.
Ojúlarí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló yá mi;
ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó já bọ́ o,
ìyá mi ò tíì mọ̀ pé mo mú un."

Ìyá Àlàárì dé pẹ̀lú obìnrin márùn-ún,
igbá lábíyá, òrùka irin lọ́mọ-ìka.
Ó wo orí àpótí, ó ní, "Kí ni wọ́n ń jẹ?"
Mo ní bátìrì ni.
Ó ní, "Bọ́ wọn yó kí n tó lanu."

Orin kìíní.
Òrùka kan igbá: kó, ko-ko, kó.
Dúdú gbọ́ ọ ju bó ti ṣẹlẹ̀ lọ.
Iná pupa ń ṣẹ́jú,
igbá ń fọ́ sí mi létí bí àwo tánganran.
Mo yí i wálẹ̀. Mo tún yí i wálẹ̀.
Nígbà tí igbá wá dún gaara,
ohùn Ìyá Àlàárì ti lọ sí òdìkejì odò.

Eléérú ní tirẹ̀ kò fẹ́ rí atẹ́gùn sójú.
Fẹ́ẹ́rẹ́ kan láti orí àpáta,
ó figbe ta bí ẹni tí wọ́n fa aṣọ ya mọ́ lára.
Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ mi ọ̀tún, mo fi dé e lórí.
Ẹ̀rín pa àwọn obìnrin títí orin fi dà nù.
Ẹ̀rín yẹn, eléérú gbà á láìku ẹyọ kan.

Ti Ojúlarí kò ní ibi tí a ń yí.
Ó gbọ́ alùpùpù tó ń gun òkè lọ sọ́jà,
ó gbọ́ ewúrẹ́, ó gbọ́ ọmọ tó ń bèèrè omi,
ó gbọ́ orin náà láàárín wọn,
bí ẹni tó jókòó sílé tí kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ìyá Àlàárì yí sí àpáta, ó ké: "Ṣé o gbọ́?"
Àpáta ní: "...gbọ́?"
Ó ní, "Tèmi nìyẹn. Kì í jẹ bátìrì."

Mo fi gbohùnsétí lé e lórí gèlè.
Dúdú: ó yọ ọ́ kíá.
"Ó mọ́ jù. Ta ló wẹ̀ mí?"
Ti Ojúlarí: "Ta ló ni ewúrẹ́ yẹn?"
Eléérú, orin kẹta, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lórí:
kò sọ nǹkan kan.
Ó gbọ́wọ́ sókè kí a dákẹ́.
Ó ní kí n dá a padà. Mo dá a padà.
"Àtọ́kẹ́," ló pè,
"ìwọ lò ń mí níbi tí èémí mi ti ń tán?"
Àtọ́kẹ́ wo ilẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti jọ ń kọrin.
Ó ní, "Mo rò pé ẹ mọ̀."

Mo ti fa ìlà sínú ìwé mi tẹ́lẹ̀:
igbá, máàkì mẹ́jọ; ohùn, mẹ́rin; atẹ́gùn, òdo.
N kò rí ibi tí n ó kọ ti Àtọ́kẹ́ sí.

Eléérú ni mo rà.
N kò pa orúkọ ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́.
Ẹsẹ̀ kan ni mo fi wọ ìbọ̀sẹ̀ délé.