Èké Kékeré tí Ń Gbọ̀n

Mo gbé e lé orí òkúta lẹ́yìnkùlé wa,
òkúta Ṣábẹ̀ẹ́ tí kò mira láti ìgbà ìwáṣẹ̀,
mo ní, "Ó yá, sọ ohun tí o rí."
Ó ní òun ń yí.
Ó ní òun ti kẹ̀yìn sí òkè, òun ti kọjú sí ọ̀nà Kétu,
òun àti òkúta, àti èmi tí mo jókòó tì í.

Gbogbo ara rẹ̀ kò tó èékánná ọmọ ọwọ́.
Iyanrìn ni wọ́n yọ́, tí wọ́n fín bí eyín ìyarun,
ó ń gbọ̀n nínú òkùnkùn ilé rẹ̀,
gbígbọ̀n tí ìyẹ́ ẹ̀fọn kò lè bá dọ́gba.
Bí ilé náà bá yí, gbígbọ̀n á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan,
yíyẹ̀ yẹn ni à ń kà.
Ọgbọ́n tó ní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá wọ̀ ọ́ lára, eyín á rọ̀,
á yẹ̀ láìsí ẹni tó tì í,
á sì búra pé ẹnì kan ti òun.

Òun ló ń darí ẹ̀rọ tí ń fò, tí mo fi ń ka igi kajú
fún àwọn àgbẹ̀ ọ̀nà Kàbúà.
Ọ̀sán kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà
ó yà bí ọ̀mùtí, ó forí sọ igi ìgbá Bàbá Ìdòhú.
Ẹ̀ka kan ló dá. Bàbá Ìdòhú ní kí n sanwó ẹ̀ka.

Mo bá ra yìnyín lọ́wọ́ ẹlẹ́ja,
mo sin ín sáàárín rẹ̀ títí òtútù fi dé ìwọ̀n mẹ́jọ,
mo kọ irọ́ tó pa sílẹ̀.
Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àárò ìyá mi, ó di ogójì,
mo tún kọ irọ́ tó pa.
Òru mẹ́ta. Ewé ìwé mọ́kànlá.
Èké ni, àmọ́ èké tí kì í yí ohùn padà:
bó ṣe pa á ní ogójì lánàá ni yóò pa á lọ́la.
Irọ́ tí a bá mọ bó ṣe tó,
a lè yọ ọ́ bí egungun inú ẹja.

Bàbá mi jáde. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi tún ojú irin ṣe
láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Kìlíbò.
"Ṣé ó ń wú lọ́sàn-án?"
Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀.
Ó fi ìka méjì díwọ̀n àlàfo kan fún mi:
"Báyìí là ń fi sílẹ̀ láàárín irin àti irin.
Láàárọ̀ ọyẹ́, ọmọdé lè ti ewé bọ̀ ọ́.
Lọ́sàn-án gangan, kò sí níbẹ̀ mọ́.
Ọ̀gá kan ti Kútọnu wá, ó ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni,
ká so wọ́n pọ̀ ṣinṣin. A so wọ́n.
Kí oṣù kẹrin tó parí, irin dìde
bí ejò tí wọ́n tẹ ìrù rẹ̀ mọ́lẹ̀."
Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀ ọ̀tún,
èyí tí ń kígbe òjò lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀.
Ìyá mi nìkan ló ní ìwé orúnkún yẹn, orí ló kọ ọ́ sí:
bó bá ké lọ́yẹ́, kò ní dìde;
bó bá ké nígbà iṣu tuntun, á sáré lọ ká aṣọ.

Ní ìdájí mo tún gbé e lé òkúta,
ìwé mọ́kànlá ti wà nínú rẹ̀.
Ó dákẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́.
Ó ku ohun kín-ń-kín kan tó ń yí lọ,
kì í ṣe ti ooru, kì í ṣe ti òtútù.
Bóyá ogbó ni. Bóyá òótọ́ ni,
ayé fúnra rẹ̀ ló ń yí, tòun tòkúta.
N kò yọ ìyẹn kúrò.

Bàbá Ìdòhú ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nípa ẹ̀ka rẹ̀.