Ibo La Ó Gbé Àwo Yìí Sí?

Ọmọkùnrin tó ń ta àwo orin ní Bytom
yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì,
ó ní, "Bàbá, ibo ni kí n gbé èyí sí?
Orin kìíní ń jó bí iná ọyẹ́,
ìkejì ń rìn bí opó tó ń ti ìsìnkú bọ̀,
ìkẹta, ṣé ijó àwọn ìyá àgbà kọ́ nìyẹn?
Ṣé Ginter Pyka kan náà ni?"
Èmi tí mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, n ò rí èsì fọ̀.

Òun kan náà ni.
Ginter tí ìka rẹ̀ ń sáré lórí okùn gìtá
bí eku tó gbúròó ológbò lókè àjà,
tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi aago ka ìró rẹ̀,
mẹ́rìnlá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan,
tí àwọn mìíràn ń jiyàn pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.
Ọdún mọ́kànlélógún ló fi bá ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kiri,
irun gígùn, bàtà aláwọ, ariwo tó ń mi gíláàsì ilé ọtí.
Ọjọ́ tí owó dé ni wọ́n tó mọ̀
pé ọ̀nà ló pa àwọn pọ̀, kì í ṣe ìfẹ́.

Ó padà sílé bàbá rẹ̀, lẹ́bàá ihò èédú tí ìjọba ti tì pa.
Bàbá ti kú. Ilé ẹyẹlé rẹ̀ ṣì wà lókè òrùlé,
èédú ti wọ igi rẹ̀ lára bó ṣe wọ ẹ̀dọ̀fóró onílé.
Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu,
kó wá dọjọ́ ìbànújẹ́ kó yẹrí.
Mẹ́tàdínlógún ló kù. Wọn ò yẹrí.
Ó ní, "Gbé ẹ̀rọ rẹ wá. Abẹ́ wọn la ó ti ṣe é."

Oṣù Kejì ni, yìnyín dé orúnkún.
A fi aṣọ ìbora dí fèrèsé, a ń fi ife kọfí yáná.
Mo rò pé eré sísá la wá sá.
Lóòótọ́, ó jà lọ́jọ́ àkọ́kọ́:
okùn di òkun, òkun ń ru,
mo di tábìlì mú kí ìgbì má gbé mi lọ.
Lọ́jọ́ kejì ó gbé gìtá onígi lásán,
ó ń ta á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́
bí ẹni ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ tó ti sùn.
Lọ́jọ́ kẹta, awakùsà mẹ́ta tó ti fẹ̀yìntì
gun àkàsọ̀ wá pẹ̀lú fèrè idẹ, fìlà oníyẹ̀ẹ́ pupa lórí.
Alojz, àgbà wọn, mí ju bó ṣe fọn lọ.
Mo ní ká pa mímí yẹn rẹ́.
Ginter ní, "Orin nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ, orin kan kò jọ ìkejì,
bí ọmọ ìyá tó jẹ́ pé imú wọn nìkan ló jọra.

Orin kẹsàn-án.
Ó gbé agolo àgbàdo kan ka iwájú mi,
agolo tí bàbá rẹ̀ máa ń mì lálaalẹ́
kí àwọn ẹyẹ lè mọ̀nà wálé.
"Bàbá ò sọ fún mi rí pé òun gbọ́ orin mi.
Tí mo bá pè láti Japáànù, láti Bùràsíìlì,
kò ní sọ̀rọ̀.
Á kàn mì í sínú fóònù."

Mo mì í.
Ó ta okùn kan ṣoṣo, ó dúró.
Kò sí mẹ́rìnlá. Kò sí méjì pàápàá.
Ìró kan, kò fẹ́ kú, kò sì pariwo,
títí ìyẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀ lórí wa.

Ó wà nínú àwo náà, lópin pátápátá.
Mo kà wọ́n: mẹ́rìndínlógún wọlé,
ọ̀kan pẹ́ kó tó dé.

Ọmọ, n ò mọ ibi tó yẹ é.
Gbé e sójú fèrèsé,
kí o sì ṣí fèrèsé náà díẹ̀.