Ìpàtẹ́wọ́ Kan

Kí n tó tú àpótí, kí n tó na wáyà kankan,
mo dúró láàárín ṣọ́ọ̀ṣì náà l'Ókè Ẹlẹ́rin, n'Ógbòmọ̀ṣọ́,
mo pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan.
Gbà!
Ó kọlu táìsì, ó kọlu gíláàsì,
ó gun páànù, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gun.
Mo ń wo aago: ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ààbọ̀
kó tó rántí ilé.

Alàgbà Ọ̀pádòkun, alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, rẹ́rìn-ín músẹ́.
"Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń dún? Ilé ńlá níí fọhùn bẹ́ẹ̀.
Ẹ ṣáà bá wa ra gbohùngbohùn mẹ́jọ,
èyí tí wọn yóò gbọ́ títí dé ọ̀nà Ìlọrin."

Orúkọ kan ṣoṣo ni Yorùbá fún àwọn méjèèjì:
gbohùngbohùn tí à ń fowó rà,
àti gbohùngbohùn tí ògiri fi ń sín wa jẹ.
Bí ẹ bá fi kìíní lé èkejì, ẹ ti da epo síná.

Èdè wa kì í ṣe èdè tí wọ́n ń sọ nínú kànga.
Bí dò bá ṣì ń rìn kiri lójú páànù
tí mí ti dé, tí re ń kanlẹ̀kùn,
èwo ni kí etí ṣílẹ̀kùn fún?
Pásítọ̀ pe ọkọ̀ Nóà,
ìjókòó ẹ̀yìn gbọ́ ọkọ́,
wọ́n ń ro irú ebè tí bàbá náà fẹ́ kọ nínú ìkún-omi.

Ìyá Ṣànúmi, ìjókòó kẹtàlá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn,
fà mí létí aṣọ:
"Ariwo ni mò ń gbọ́, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kọ́.
Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń ṣe àmín
sí ohun tí n ò mọ̀.
Nínú ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ tí wọ́n wó,
ẹni tó bá húkọ́ níwájú, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kí i pẹ̀lẹ́."

Mo ra tìmùtìmù. Láòyè gbẹ́nàgbẹ́nà kan férémù,
a fi òfì aláwọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ẹ́ bò ó, a gbé e kọ́ sára ògiri.
Alàgbà figbe ta: "Owó gbohùngbohùn lẹ fi ra bẹ́ẹ̀dì?
Ògiri fẹ́ sùn ni?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó pẹ́ tó ti ń ṣàìsùn.

Sípíkà mẹ́rin péré, tẹ́ẹ́rẹ́,
mo tẹ orí wọn ba bí ìyá tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.
Méjì tó wà lẹ́yìn, mo dá wọn dúró díẹ̀,
ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá,
kí ohùn iwájú kọ́kọ́ dé,
kí tiwọn tó gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀.
Orin tí wọ́n ń tàn sára ògiri ńkọ́?
Akọ̀wé ti ń kọ ọ́ láìlámì láti ìgbà yìí wá.
Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú,
a fi àmì sí ẹsẹ ogójì:
ọ̀rọ̀ tí kò lámì, gbohùngbohùn ojú ni.

Mo tún pàtẹ́wọ́. Ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó lé díẹ̀.
Òjò nìkan ni n kò rí mú.
Bó bá ti bọ́ sórí páànù yẹn, gbogbo wa di odi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ojú ọ̀run mọ́.
Pásítọ̀ wàásù lórí ìgbọràn àwọn opó,
kò pariwo, kò tilẹ̀ làágùn.
Gbogbo ìjọ ṣe àmín.
Ìyá Ṣànúmi pa ẹnu rẹ̀ mọ́ gbọin.

Mo sáré bá a lẹ́nu ọ̀nà, àyà mi ń já:
ṣé ẹ ò gbọ́ ni, Mà?
Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.
"Mo gbọ́ ọ. Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo gbọ́ lónìí.
N ò fara mọ́ ọn ni."