Kíláàsì Kẹta, ní Ọjọ́bọ̀

Mo sọ fún ìyàwó mi pé ìṣó ni mò ń lọ rà ní Kábbà.
Ìṣó wà ní Ìsánlú. Ó mọ̀.
Kò wí nǹkan kan. Ó ka owó ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́,
àlọ àti àbọ̀, ó kà á géérégé,
kí kọ́bọ̀ má ṣẹ́kù tí yóò di ike kékeré nínú àpò mi.

N kò béèrè ọ̀nà ọtí rí láyé mi.
Ẹ̀yìn ilé ìlagi, ẹ̀gbẹ́ igi ọ̀dán,
lọ́dọ̀ obìnrin tó ń po bùrùkùtù:
bí òṣùpá kọ̀ tí kò yọ, ẹsẹ̀ mi á débẹ̀
bí ewúrẹ́ ṣe ń mọ ilé olówó rẹ̀.
Ibi tí wọ́n ti ń fi í sílẹ̀
ni mo ní láti béèrè.

Nọ́ọ̀sì kan ní Ẹ̀gbẹ̀ ló kọ ọ́ sẹ́yìn àpò oògùn,
lọ́jọ́ tí ẹ̀dọ̀ mi kọ́kọ́ pè mí lórúkọ.
Oṣù méje ni bébà náà fi sùn nínú ṣòkòtò mi.
Wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ lẹ́ẹ̀kan;
agogo rẹ̀ ṣí, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ṣí ku ààbọ̀.
Ọjọ́bọ̀ kò ṣí.

Lẹ́nu ọjà, mo juwọ́ sí ọlọ́kadà kan,
mo ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tó wà lẹ́sẹ̀ òkè.
Ó ní, "Àwọn ọmọ ti jáde o, bàbá.
Ta lẹ fẹ́ lọ mú?"
Mo wo bàtà mi.
Mo ní, "Ara mi."
Ó rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé mi.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yí ilé náà po.
Àgbò kan wọlé ṣáájú mi, wọ́n lé e jáde.
N kò fẹ́ kí wọ́n rò pé ìkejì rẹ̀ ni mí,
ni mo bá kan ilẹ̀kùn.

Àgbààgbà, lórí àga ọmọdé,
orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.
Tísà ọ̀sán ti gbàgbé ẹfun rẹ̀ sójú pátákó:
Èyí ni Àjàní. Àjàní ní ajá.
Lábẹ́ fèrèsé ni mo ti rí Ilésanmí,
akápò ìjọ wa,
tó jókòó níwájú ọkọ̀ tó gbé mi wá láàárọ̀,
tó ń pariwo pé táyà lòun ń lọ rà.
Èmi ń sá fún ojú rẹ̀, òun ń sá fún tèmi,
a jọ kọjá Mọ́pà, a jọ kọjá Ayétòrò,
ọrùn wa le bí igi ìrókò tí mò ń rẹ́.

Ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Dókásì dìde, ó ní, "Okun o."
Okun la fi ń kí ẹni tó toko dé.
Okun náà la fi ń kí ẹni tó sìnkú,
ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, ẹni tó bímọ.
Kò bi mí ní iye ìgò.
Ó fẹsẹ̀ ti àga kan sí mi.

Nígbà tó kàn mí, mo wo pátákó.
Mo ní, "Èyí ni Elíásárì."
Ìyókù há sí mi lọ́fun.
Wọ́n dúró dè é. Àgbò ń ké lóde.
Ilésanmí wo ilẹ̀, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ lé èjìká mi.

Alẹ́ ni a padà, a jókòó ti ara wa.
Ní Mọ́pà, iná ilé ọtí kan tàn sínú ọkọ̀,
mo rí i bó ṣe di orúnkún ara rẹ̀ mú.
Mo ní, "Èló ni táyà?"
Ẹ̀rín pa á títí ó fi sunkún.

Ìyàwó mi gbé fìtílà pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.
Ó súnmọ́ mi, ó gbóòórùn ẹnu mi, ó ní,
"Ìṣó dà?"
Mo ní, wọn ò tíì rọ ọ́ tán.
Wọ́n ní kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀.