Òṣùwọ̀n Wúrà

Agbẹjọ́rò ní kí ẹ̀rí ó jáde.
Ẹ̀rí wà nínú báàgì tí mo gbé lé itan,
mo fi gèlè àlòkù wé e bí ọmọ ìkókó.
Kò sunkún.

Ẹ má rò pé bí ẹnu ayé ni òfin rí.
Ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, bí wọ́n bá ti rí bàtà tuntun lẹ́sẹ̀ ọmọ opó,
ẹjọ́ ti parí, wọ́n ti dá a, wọ́n ti fi jẹ̀bà.
Ní kóòtù, Bàbá Ṣàkírù tó ń lẹ táyà búra, ó ní,
"Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Oyèkàn ń ta igbó."
"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, o rí i?"
"Wọ́n sọ fún mi ni."
"Ta ni wọ́n?"
"Àdúgbò."
Adájọ́ ní, "Ẹ lọ pe Àdúgbò wá, kó wá di Kùránì mú, kó búra."
Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín,
báàgì wúwo lórí itan mi.

Ọ̀gá tó mú un ní Tákíé bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí.
Ó gbé ọ̀rá dúdú sókè, ewé gbígbẹ ń dún ṣàràṣàrà.
Ibo lẹ ti bá a? Abẹ́ bẹ́ǹṣì onígbàjámọ̀.
Èèyàn mélòó ló jókòó síbẹ̀? Márùn-ún.
Abẹ́ ìdí ta ni ọ̀rá wà?
Ọ̀gá wo àjà bí ẹni pé wọ́n kọ ìdáhùn síbẹ̀.
Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, wọ́n kọ ọ́ pé igba gíráàmù.
Lónìí, ọgọ́jọ ó lé díẹ̀.
Ta ló jẹ ìyókù? Eku? Ọ̀gbẹlẹ̀? Eku tó wọ bàtà?
Ta ló gbà á lọ́wọ́ ta, ta ló tọwọ́ bọ̀wé,
èdìdì dà, kọ́kọ́rọ́ yàrá wà lọ́wọ́ ta?
Ìwé àwọn tó dán ewé náà wò dà,
ká lè mọ̀ pé igbó ni, kì í ṣe ẹ̀fínrín?
Ìwé ọ̀hún ti wà lọ́nà látìgbà tí káṣú ti ń tanná;
a ti ká káṣú, a ti tà á, kò tíì dé.
Ẹni tó rà á ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dìde.

Agbẹjọ́rò ní, "Olúwa mi, wọn ò bá òṣùwọ̀n kankan.
Ẹni tó bá ń tà á, yóò wọ̀n ọ́n."
Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí mi létí bí omi gbígbóná.

Àkànmú ọkọ mi, alágbẹ̀dẹ wúrà ni.
Bó bá fẹ́ wọn yẹtí ìyàwó,
á di èémí rẹ̀ mú kí abọ́ méjèèjì má baà mì.
"Èémí lásán," a ní, "ó tó mú òṣùwọ̀n purọ́."
Lẹ́yìn ikú rẹ̀, òórùn idẹ nìkan ló ń ti ara rẹ̀ jáde
títí di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n mú Oyèkàn.
Mo bá a lábẹ́ ibùsùn ọmọ, eruku ewé lẹ̀ mọ́ abọ́ rẹ̀.
Imú ìyá kò nílò ìwé àyẹ̀wò.

Wọ́n tú u sílẹ̀ ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé e lé ọ̀kadà, wọ́n ń hó lọ sí Arówómọlé.
Ọ̀gá náà kọjá lára mi: "Ìyá, ẹ kú oríire."
Mo dáhùn. Kí ni ǹ bá sọ?
Òfin wo ojú gbogbo èèyàn, kò wo itan mi.
Kò bi mí.
Ká ní ó bi mí ńkọ́?

Lálẹ́, ó jókòó ti oúnjẹ rẹ̀.
Mo gbé gèlè ka orí tábìlì, mo tú u.
Abọ́ méjì, okùn mẹ́ta-mẹ́ta, idẹ tó ti ṣú.
Ó dákẹ́ jíjẹ.
Àwa méjèèjì di èémí wa mú.
Abọ́ ọ̀tún rọra ń lọ sílẹ̀, àbí ti òsì ni,
wọ́n sì mú iná lọ.